Géèmù Tí Ọmọ Yín Rà, Ta Ló Ni Ín?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùm. Aṣọ òfì ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, níhìn-ín ní Ìlọrin. Ní èṣín, ọmọ mi ọkùnrin gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà lọ́wọ́ mi, ó fi ra géèmù ìdíje ọkọ̀ kan sórí ẹ̀rọ PlayStation rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà kéde pé àwọn ti pa á tì, láti ọjọ́ náà kò sì ṣí mọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wá sọ pálọ̀ mi di ilé ẹjọ́. Ọmọ mi ní olè ni ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọmọ mi ló fọwọ́ sí ìwé tí kò kà. Ẹ̀kẹta ní ìdí tí òun fi ń lo kíráàkì nìyẹn, ìyẹn géèmù tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀, òun kì í san kọ́bọ̀. N kò mọ nǹkan kan nípa géèmù, ṣùgbọ́n bí mo bá ta aṣọ, n kì í lọ bọ́ ọ lọ́rùn oníbàárà. Ta ló jàre nínú wọn? Ṣé owó mi lè padà?

ÌDÁHÙN: Wa-alékùm sàlámù, Alhaja. Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfaradà ariwo àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí ẹ fi kádìí ìbéèrè yín ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó súnmọ́ gbòǹgbò ẹjọ́ yìí ju ohun tí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ lọ. Bí ẹ bá ta alárì fún ẹnìkan tí ó sì san owó rẹ̀ pé, ó lè gbé e fún aránṣọ, ó lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ó lè tún un tà, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀, láìjẹ́ pé ó padà wá tọrọ àyè lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ irú àdéhùn mìíràn. Láti Àjàṣẹ́-Ìpo lọ dé Òmù-Àrán, ẹ ó rí àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀: iṣu tó bá gbìn tirẹ̀ ni, àgbàdo tó bá kórè tirẹ̀ ni, àmọ́ kò lè ta ilẹ̀ náà, wọn kì í sì í sábà jẹ́ kí ó gbin ọ̀pẹ tàbí obì sí i, nítorí igi tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ máa ń di ẹ̀rí fún ẹni tó gbìn ín. Géèmù tí ọmọ yín rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ ilẹ̀ yìí ju alárì lọ. Àyè láti ṣeré ló sanwó fún, ilé-iṣẹ́ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn lè gba àyè náà padà.

Ibi tí àfiwé mi ti yẹ̀ ni ibi tó ń bí mi nínú. Ẹni tó gba ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀ mọ̀, lójú ẹlẹ́rìí, lọ́jọ́ tó gbà á, pé òun kò ra ilẹ̀. Ọmọ yín tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ “rà” sí. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà rí ẹ̀tàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí, wọ́n sì ṣe òfin kan tí gómìnà Gavin Newsom fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, Oṣù Kìíní 2025. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni ta géèmù rẹ̀ tán pátápátá. Ó kàn ní ẹni tí yóò bá lo ọ̀rọ̀ “rà” fún nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì tí òun lè gbà padà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ìyọ̀ǹda láti lò ó ni òun ń tà. Kí ọjọ́ náà tó pé, Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, ti lẹ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ibi ìsanwó ní Oṣù Kẹwàá 2024. Steam ti wà láti 2003. Ẹ ṣírò iye ọdún tí àwọn ènìyàn fi rò pé aṣọ ni àwọn ń rà.

Kí ẹ lè dá ẹjọ́ àwọn ọmọ yìí dáadáa, ó yẹ kí ẹ mọ bí géèmù ṣe ń kú, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló lè kú. Àwọn géèmù kan wà tí gbogbo ohun tí wọ́n nílò wà nínú ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá ọmọ yín. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n tilẹ̀ wọ gbèsè tí wọ́n ta àga àti tábìlì ibẹ̀, géèmù náà yóò máa ṣí, àfi bí àwọn oníná bá mú iná lọ. Àwọn mìíràn wà tí kò lè ṣí rárá bí wọn kò bá kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà ńlá kan sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní server, tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà lókè òkun. Nígbà mìíràn, ohun tí server náà ń ṣe kò ju pé ó ń wò ó bóyá ẹni tó ń ṣeré sanwó; nígbà mìíràn, apá kan nínú géèmù náà gan-an ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa server yẹn, ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ yín kò ju ilẹ̀kùn tí kò ní ilé lẹ́yìn.

Ẹ ní kí ọmọ yín mú yín lọ sí ilé géèmù èyíkéyìí ní Tankẹ, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń san owó lórí ìdíje bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí méjèèjì nínú géèmù kan ṣoṣo. EA, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù FIFA 23, yọ ọ́ kúrò ní ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2023 nígbà tí àdéhùn orúkọ láàárín òun àti àjọ FIFA ti parí. Síbẹ̀, ẹni tí àwo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń fi gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé ìdíje láàárín ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn kò nílò server kankan. Ṣùgbọ́n apá tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi owó gidi kó agbábọ́ọ̀lù jọ, inú server ló wà; bí EA bá ti pa server náà, ó parí nìyẹn.

Ọmọ yín, tó ní olè ni ilé-iṣẹ́ náà, ní èrò kan náà pẹ̀lú ẹgbàágbèje ènìyàn kárí ayé. Ohun tó kó wọn jọ ni géèmù ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ The Crew, tí Ubisoft, ilé-iṣẹ́ Faransé, gbé jáde ní Oṣù Kejìlá 2014. Ẹni tó tilẹ̀ ń dá nìkan wakọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 31, Oṣù Kẹta 2024, Ubisoft pa server rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ server àti ìwé àṣẹ ló fà á. Láìpẹ́ sí i, wọ́n tún gba ìyọ̀ǹda géèmù náà kúrò nínú àkáǹtì àwọn tó rà á. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ross Scott, tó ti pẹ́ tó ń ṣe fídíò nípa géèmù, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún náà tí wọ́n pè ní Stop Killing Games. Wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tí òfin ibẹ̀ ní ó gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù mílíọ̀nù kan kí wọ́n tó lè gbé e yẹ̀ wò. Nígbà tí àkókò ìbuwọ́lù parí ní ìparí Oṣù Keje 2025, ó ti ré kọjá mílíọ̀nù kan dáadáa.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń bèèrè, nítorí pé àwọn alátakò wọn sábà máa ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọn kò ní kí ilé-iṣẹ́ máa sanwó server títí láé. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ lọ, kí ó fi géèmù náà sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á fi lè máa lò ó: kí ó yọ àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò fún ẹni tó ń dá ṣeré, tàbí kí ó jọ̀wọ́ ohun tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà nílò láti fi gbé server tiwọn kalẹ̀. Àpapọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ní Yúróòpù fèsì pé server aládàáni kò lè dáàbò bo dátà àwọn tó ń ṣeré, pé kò sí ẹni tí yóò máa yọ ohun tí kò bófin mu kúrò níbẹ̀, pé ẹ̀sùn lè padà sórí àwọn, àti pé bí wọ́n bá fi dandan lé e, owó tí àwọn yóò máa ná lórí géèmù tí wọ́n ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì nìkan yóò ga kọjá agbára.

N kò fojú kékeré wo èsì yìí. Géèmù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń gbé inú rẹ̀ bí ìlú ṣòro láti fi sílẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo, orin àti àwòrán ọkọ̀ tí wọ́n yá sínú géèmù sì ní ọjọ́ tí àṣẹ wọn ń parí. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú The Crew kò jẹ́ kí n gbà pé kò ṣeé ṣe. Ní 2024 kan náà, Ubisoft fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò ṣe ọ̀nà àìlo-íntánẹ́ẹ̀tì fún The Crew 2, àbúrò géèmù náà, ó sì dé ní 2025. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2025 yẹn náà, àwọn olólùfẹ́ géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n pa, láìgba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbé server tiwọn jáde, The Crew Unlimited, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ohun tí àwọn tí kò ní ìwé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ lè ṣe, ẹni tó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ṣe é, bí ó bá ti rò ó mọ́ ètò rẹ̀ kí ó tó kọ́ ilé. Nítorí náà, ní ti ohun tó tọ́, mo wà lẹ́yìn ọmọ yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní lo ọ̀rọ̀ “olè” ní kóòtù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ó fọwọ́ sí ìwé mọ òfin, ó kàn mọ ìdajì rẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé ohun tó wà nínú àdéhùn ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí fi ń gbèjà ara wọn. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà kan pe Valve, tó ni Steam, lẹ́jọ́ pé kí ẹni tó ra géèmù lè tún un tà; ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá wọn láre ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní Oṣù Kẹwàá 2022. Ìdajì kejì ni pé ìfọwọ́sí kì í sọ gbogbo àdéhùn di òfin. Ní Nàìjíríà níbí, òfin tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ń pè ní òfin ti 2018, lòdì sí àdéhùn tó rẹ́ oníbàárà jẹ, ó sì béèrè pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fún oníbàárà kà ní èdè tí ó lè yé e. Ìwé gígùn tí agbẹjọ́rò kọ fún agbẹjọ́rò, tí wọ́n fi bọ́tìnì “mo gbà” sí ìdí rẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan gbé e lọ bá òfin yìí. Àjọ náà kì í sì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè: ní Oṣù Keje 2024, ó bu ìtanràn $220 mílíọ̀nù lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ọ̀rọ̀ dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, oníkíráàkì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, mo gba géèmù kan lórí fláàṣì lọ́wọ́ ẹnìkan ní òpópónà Taiwo, mo sì pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà mi lọ́wọ́ kòkòrò, nítorí pé ìwé tó bá kíráàkì náà wá ní kí n pa á. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo fọ́tò ìsọmọlórúkọ tí oníbàárà kan kó fún mi láti tọ́jú ti bàjẹ́. Mo san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni owó máa ṣe fún fọ́tò ìsọmọlórúkọ?

Òfin náà kò sí lẹ́yìn ọmọ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹta 2023, lòdì sí kí ènìyàn já àgádágodo tí oníṣẹ́ fi ti iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kò jẹ́ kó bọ́ sọnù. Ní 2023, Video Game History Foundation, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn géèmù ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí tó fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún géèmù àtijọ́ tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ náà, 87 ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, bí kò bá rí àwo àtijọ́ rà, tí kò sì lè rìnrìn-àjò lọ sí ilé-ìkàwé tó tọ́jú wọn, àfi kó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkíráàkì. Láti 2015, òfin Amẹ́ríkà ti gba ẹni tó ra géèmù láyè láti já àgádágodo rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ bá ti pa server tó ń wò ó bóyá ó sanwó, kí ó lè máa ṣeré nílé ara rẹ̀. Àyè náà há, nítorí kò kan géèmù tí apá rẹ̀ ń gbé inú server, irú èyí tí mo rò pé ọmọ yín ní. Ní Oṣù Kẹwàá 2024, ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ àdàkọ Amẹ́ríkà tún kọ̀ fún àwọn ilé-ìkàwé láti máa fi géèmù àtijọ́ han àwọn olùwádìí láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà mo ya ẹni tó ń jí òkú géèmù dìde sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jí géèmù tó wà láàyè. Ẹ bi ọmọ yẹn pé èwo ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tó jáde lọ́dún yìí ni, kò ní ẹjọ́ kankan bá ilé-iṣẹ́ tó pa géèmù ọmọ yín. Àǹfààní ló rí gbá mú. Bóyá ó lẹ́ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ẹ bi Àáfà yín.

Mo wá fẹ́ béèrè ohun kan tí ẹ kò kọ sínú ìwé yín. Orílẹ̀-èdè wo ni àkáǹtì ọmọ yín sọ pé ó ń gbé? Mo ń béèrè nítorí pé nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn PlayStation tí wọ́n ń gbé wá fún mi ní Ìlọrin, Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba ni àkáǹtì ń gbé, tí wọ́n sì ń ra káàdì lọ́wọ́ alágbàtà láti fi sanwó. Àwọn ọmọ kò ṣe èyí láti fi lu jìbìtì. Ohun tó fà á hàn kedere ní Oṣù Karùn-ún 2024, nígbà tí Sony, tó ni PlayStation, fẹ́ fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń gbá géèmù Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà ní àkáǹtì PlayStation Network, ẹ̀ka PlayStation ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn orílẹ̀-èdè àti agbègbè tí wọn kò ti lè rà á mọ́ lé ní 170, nítorí pé Sony kò ṣí ẹ̀ka náà sí ibẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ariwo àwọn tó ti rà á pọ̀ débi pé Sony jáwọ́ nínú àṣẹ náà. Àwọn tí wọn kò fún ní ilẹ̀kùn ló ń gba fèrèsé wọlé. Àmọ́ fèrèsé yìí ń dín ẹ̀tọ́ ọmọ yín kù: bí ó bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n lè ní àdírẹ́sì rẹ̀ kò jẹ́ òótọ́, káàdì tí ó rà lọ́wọ́ alágbàtà kò sì ní báńkì tí yóò bá a gba owó padà.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè ṣèlérí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà yín. Kò burú kí ẹ gbìyànjú, nítorí pé àwọn kan ti dá owó padà rí. Nígbà tí Google pa Stadia, ọjà géèmù rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Oṣù Kìíní 2023, wọ́n dá owó géèmù padà fún àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn. Sony náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí géèmù rẹ̀ kan, Concord, kò lò tó oṣù kan kí wọ́n tó pa á. Kí ọmọ yín wá rìsíìtì tó wà nínú ímeèlì rẹ̀, kí ó wo ọjọ́ tí ó rà á, kí ó sì wo ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ kéde pé àwọn yóò pa géèmù náà. Bí wọ́n bá ṣì ń tà á lẹ́yìn ìkéde, tàbí tí ó rà á nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa á, ibẹ̀ ni kí ó gbé ẹsẹ̀ lé nínú lẹ́tà rẹ̀, kí ó kọ ọ́ ní ìwé pélébé kan, láìbú ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá dáhùn, FCCPC ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Nígbà tí yóò bá tún gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ó ra àwo, kódà kó jẹ́ àlòkù, nítorí pé àwo ṣeé tún tà bí aṣọ. Ẹ má kàn gba àwo náà lọ́wọ́ alájàpá kí ẹ sì máa lọ o, nítorí pé àwo mìíràn wà tí kò ju kọ́kọ́rọ́ lọ, tí gbogbo géèmù rẹ̀ ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà ló fẹ́, GOG, ọjà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Pólándì ní 2008, máa ń jẹ́ kí oníbàárà gbé fáìlì géèmù náà sílé láìsí àgádágodo. Kí ó tọ́jú rẹ̀ sórí háàdì dírááfù ní ọjọ́ tó bá rà á. Fún àwo, ẹ ní kí alájàpá fi í sínú ẹ̀rọ tí wọn kò tíì fi sí rí níṣojú ọmọ yín, kí wọ́n pa dátà àti Wi-Fi, kí ó sì gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.